Dikódà pọ̀ nílùú, kí ló dé tí owó rẹ̀ kò wálẹ̀?

Lọ́jà ata, bí àwọn tó ń tà bá ti pọ̀, owó ọjà máa ń wálẹ̀ ni. Bí ìyá kan bá pe tirẹ̀ lówó gọbọi, ẹni tó jókòó tì í á já a wálẹ̀ díẹ̀, ẹni kẹta á ní ká wá gba èènì. Ojú yìí náà ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wo tẹlifíṣọ̀n àsansílẹ̀, ìyẹn DStv, GOtv, StarTimes àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. A máa ń sọ pé bí ilé iṣẹ́ mìíràn bá lè wọ ọjà wá bá wọn figagbága, owó sọ́ọ̀bù, ìyẹn owó tí à ń san lóṣooṣù, á dín.

Wọ́n kúkú ti wọ ọjà. HiTV wọ ọ́, DaarSat wọ ọ́, StarTimes wọ ọ́, TStv náà wọ ọ́. Owó kò dín. Kódà, ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bí ìdíje ṣe ń gbóná sí i ni òǹwòran ń náwó sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rú ẹ lójú, kì í ṣe ìwọ nìkan. Ọjà yìí kì í ṣe ọjà ata, ó sì yẹ ká mọ irú ọjà tó jẹ́.

Ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí wọ́n ń tà gan-an. Dikódà kọ́. Kọ́kọ́rọ́ lásán ni dikódà, ohun tó wà nínú ilé tó ń ṣí ni à ń sanwó fún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ta dikódà ní ẹ̀dínwó nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìpolówó, tí kò sì dùn wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà lọ́wọ́ wa, oṣooṣù la ó máa padà wá.

Báwo wá ni ìnáwó wọn ṣe rí? Ẹ jẹ́ ká wo bọ́ọ̀sì tí èèyàn háyà lọ sóde ìyàwó. Ẹni tó háyà rẹ̀ ti sanwó pé, ì báà jẹ́ èèyàn mẹ́ta ló wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ méjìdínlógún. Bí èrò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iye tó ń bọ́ sórí ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe ń kéré sí i. Tẹlifíṣọ̀n ojú sánmà kò yàtọ̀. Àyè tí wọ́n yá lórí sátẹ́láìtì, owó fíìmù, owó bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí kí ẹnikẹ́ni tó tan tẹlifíṣọ̀n nílé. Oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò fi ohun kan gbòógì kún ìnáwó wọn, èyí tó sì kúrò kò dín in kù. Nítorí náà, ẹni tó ti ní oníbàárà púpọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọjà yìí ń gbè. Òun àti ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá pálá ni wọ́n jọ máa dúró níwájú ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù, iye kan náà ni wọn yóò sì gbọ́.

Bọ́ọ̀lù ló sì ń ta dikódà nílẹ̀ yìí. Fíìmù ní àwọn tirẹ̀, Big Brother ní àwọn tirẹ̀, ìyá mi kò sì ní gbà kí ẹ yọ Africa Magic Yorùbá kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo bí ilé ìwo-bọ́ọ̀lù ṣe máa ń kún lọ́jọ́ tí Arsenal bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ tún lọ wò ó lóṣù keje tí líìgì ti wọlé.

Gbàǹjo ni, kì í ṣe ọjà ata

Premier League ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní èkejì, ẹnìkan ṣoṣo ló sì ń tà á. Ọdún mélòó kan mélòó kan ló ń tà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń pín ayé sí àgbègbè àgbègbè, ẹni tó bá sì pe owó tó wọ̀ ọ́ lójú jù ló ń gbé e lọ. Gbàǹjo nìyẹn. Nínú gbàǹjo, bí àwọn tó fẹ́ rà bá pọ̀, owó kì í wálẹ̀. Ńṣe ló ń ròkè, ẹni tó bá sì borí yóò wá bí yóò ṣe rí owó rẹ̀ gbà padà lọ́wọ́ èmi àti ìwọ.

Ìdíje tí à ń retí ní ọjà tí àwa ti ń rà, ọjà tí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn ti ń rà ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti mú èyí dání, ohun tó kù kò ní ṣòro fún un.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2007. HiTV, tí Toyin Subair dá sílẹ̀, gba ẹ̀tọ́ láti fi Premier League hàn ní Nàìjíríà mọ́ DStv lọ́wọ́. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn pé ọmọ ilẹ̀ wa ti fẹ̀yìn ilé iṣẹ́ Gúúsù Áfíríkà balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé ọ̀dọ̀ òǹwòran? Dikódà ti DStv kò lè ṣí ilẹ̀kùn HiTV. Ẹni tó bá fẹ́ Premier League ní láti lọ ra dikódà mìíràn àti díìṣì mìíràn. Bó bá ṣì fẹ́ àwọn ohun tó kù sórí DStv, ó di owó méjì lóṣù. Ìdíje dé, owó ilé sì lé sí i.

Lọ́dún yẹn kan náà, GTV ti Gateway Broadcast Services bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ó sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀tọ́ Premier League ní àgbègbè wa. Oṣù kìíní 2009 ló kógbá sílé. Dikódà rẹ̀ tó wà lórí tábìlì àwọn èèyàn di ohun tí wọ́n fi ń gbé fọ́tò lé. HiTV pẹ́ jù ú lọ díẹ̀: nígbà tí wọ́n tún ta ẹ̀tọ́ náà ní 2010, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó padà sọ́dọ̀ SuperSport ti DStv, kò sì tó ọdún méjì tí HiTV fi lọ bí òjò tó dá. Ohun kan náà ló gbé àwọn méjèèjì ṣubú. Wọ́n san owó bọ́ọ̀sì ńlá nígbà tí èrò inú rẹ̀ kò tí ì kún.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìdára Áfíríkà ni. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni bọ́ọ̀lù náà, ìjọba ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ló fi dandan lé e pé láti sáà 2007 kí ẹnìkan má ṣe dá ra gbogbo Premier League mọ́. Setanta, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àsansílẹ̀ kan, wá ra díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sky tó ti ń dá a rà tẹ́lẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń sanwó síbi méjì, Setanta fúnra rẹ̀ sì wó ní oṣù kẹfà 2009.

Ohun tí NBC, àjọ tó ń mójú tó ìgbéròyìn sáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà, gbìyànjú láti tún ṣe ní 2020 nìyí. Ó ní kí ẹni tó bá ra bọ́ọ̀lù má ṣe dá a gbé mọ́, kó máa pín in tà fún àwọn yòókù níye tó bójú mu. Lójú tèmi, èrò yẹn tọ̀nà ju kí a máa pariwo pé kí ilé iṣẹ́ tuntun wá. Bí bọ́ọ̀lù kan náà bá wà lórí dikódà mẹ́ta, ìgbà yẹn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò tó máa fi iye owó àti ìtọ́jú oníbàárà bá ara wọn díje, bí àwọn ìyá aláta. Àmọ́ ta ni yóò sọ iye tó bójú mu? Ta ni yóò sì fẹ́ tu owó gọbọi sílẹ̀ lórí ohun tí yóò pín fún ọ̀tá rẹ̀ lọ́la? Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó, wọ́n sì fagi lé àtúnṣe náà ní 2022.

Ibi tí ìdíje ti ṣiṣẹ́

N kò fẹ́ kó dà bíi pé ìdíje kò ṣe wá lóore rárá. Ó ṣe é, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ló ti ṣe é, kì í ṣe lókè níbi tí bọ́ọ̀lù olówó ńlá wà.

Títí di nǹkan bí ọdún 2010, ohun olówó ni tẹlifíṣọ̀n àsansílẹ̀. Díìṣì lórí ilé jẹ́ àmì pé onílé ti rọ́wọ́ mú. StarTimes, ilé iṣẹ́ ará Ṣáínà tó dara pọ̀ mọ́ NTA, wá dé ní 2010 pẹ̀lú eriali kékeré tí kò nílò díìṣì. Òpó orí ilẹ̀ ló ti ń gba àwòrán, owó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ àti alágbàṣe lè san. MultiChoice tó ni DStv kò jókòó ní tirẹ̀, ó gbé GOtv jáde ní 2011, eriali òun náà, owó kékeré òun náà. Bí kò bá sí StarTimes, mi ò rò pé GOtv yóò tètè dé bẹ́ẹ̀. Ogun tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ló gbé dikódà dé yàrá kan àti pálọ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n fi ja ogun náà. StarTimes kò lọ bá wọn pe owó Premier League. Bundesliga ti Jámánì ló gbé, ó tún kó fíìmù Ṣáínà àti ti Íńdíà wá. Ìyẹn ni pé ó sá fún gbàǹjo tó pa HiTV. Àwọn fíìmù Yorùbá náà rí àǹfààní níbẹ̀. Africa Magic Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní 2010, Òrìsun náà wà, torí pé oníbàárà olówó kékeré fẹ́ ohun tó gbọ́ lédè rẹ̀, kò sì wọ́n bíi bọ́ọ̀lù.

Tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ náà ń gbìyànjú láti wọ orí ètò díjítà. Gbèdéke tí àgbáyé fún wa ni ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2015, ó sì kọjá lójú wa. Jos ló kọ́kọ́ gba FreeTV, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ díjítà náà, ní 2016, Ìlọrin gbà á ní 2017, Òṣogbo ní 2018, Èkó ní 2021. Bó ṣe ń falẹ̀ yìí ń ran àwọn tẹlifíṣọ̀n àsansílẹ̀ lọ́wọ́.

Èèyàn mélòó ló ń wò ó? Ó kù sí bí a bá ṣe kà á

Ẹni tó bá ka ìròyìn lè rí i pé oníbàárà MultiChoice ní gbogbo Áfíríkà jẹ́ mílíọ̀nù 23.5 ní oṣù kẹta 2023. Ẹlòmíràn yóò rí i kà pé mílíọ̀nù 17.3 ni, lóṣù kan náà, lọ́dún kan náà. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Èyí tó pọ̀ ka gbogbo ẹni tó bá ti sanwó rí láàárín 90 ọjọ́. Èyí tó kéré ka ẹni tí sọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kà á.

Mílíọ̀nù mẹ́fà tó wà láàárín wọn, àwọn wo ni? Àwa náà ni. Ẹni tó sanwó nítorí ìdíje àṣekágbá kan, tí kò san lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ pẹ́. Ẹni tí kò rí iná mànàmáná wò ó, tó wá ní kí lòun ń sanwó fún. Ní Yúróòpù, báǹkì ló ń yọ owó wọn lóṣooṣù láìbéèrè. Níbí, oṣooṣù ni oníbàárà ń dá a rò bóyá kí òun san án.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 2025, mílíọ̀nù 17.3 yẹn ti di 14.5. Nàìjíríà ni èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó lọ láti òde Gúúsù Áfíríkà ti wá. Ní Zambia, ọ̀dá gbẹ odò tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná, iná sì ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Tẹlifíṣọ̀n tí kò sí iná láti tàn án, ta ni yóò sanwó rẹ̀?

Dọ́là, tó bí àwa àti àwọn nínú

Bọ́ọ̀lù àti sátẹ́láìtì, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń rà wọ́n, náírà ni àwa sì ń san. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e yẹ̀ wò. Ní oṣù karùn-ún 2023, DStv Premium jẹ́ 24,500 náírà, dọ́là kan sì wà ní nǹkan bí 460 náírà lọ́wọ́ ìjọba. Bí a bá sọ ọ́ di dọ́là, ó ń lọ bíi 53. Lóṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba tú náírà sílẹ̀. Ní oṣù kẹta 2025, Premium ti di 44,500 náírà, dọ́là sì ti lé ní 1,500. Sọ ọ́ di dọ́là, kò tó 30.

Ẹ tún un kà. Àwa fi ohun tó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wa, àwọn sì gba dọ́là tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Oníbàárà ń bínú pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ, ilé iṣẹ́ ń sunkún àdánù, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. N kò fi èyí gbèjà ẹnikẹ́ni. Àfikún owó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan, bí wọ́n ti ṣe ní 2023, kò ní ṣàì dun èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ojúkòkòrò nìkan ló fà á, ìdajì ọ̀rọ̀ ló mọ̀.

FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, bá wọn wọ̀yá ìjà lórí rẹ̀. Ní 2024, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí l'Ábùjá bu ìtanràn mílíọ̀nù 150 náírà lé MultiChoice, ó sì ní kí wọ́n fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí àfikún mìíràn tún dé ní 2025, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ da ẹjọ́ tí MultiChoice pè nù, ṣùgbọ́n adájọ́ kan náà sọ pé FCCPC kò ní agbára láti máa fi iye lé ọjà ọlọ́jà. Lábẹ́ òfin, ààrẹ ni àṣẹ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mo bá ṣe wò ó ni kí n sanwó

Ẹ̀bẹ̀ yìí ti dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: kí wọ́n máa gba owó wa bíi ti fóònù, ohun tí a bá lò ni ká sanwó rẹ̀. Ó dún mọ́ni létí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé fóònù ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́. Ilé iṣẹ́ mọ ìṣẹ́jú tí o bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí o parí. Díìṣì ní tirẹ̀, gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́. Sátẹ́láìtì ń da àwòrán sílẹ̀ bí òjò, ó ń rọ̀ sórí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, dikódà sì ń wò ó bóyá orúkọ rẹ wà lára àwọn tó ti sanwó. Kò ní ọ̀nà tó fi lè fọ̀ padà pé o sùn lọ ní ìdajì eré.

Ohun tó ṣeé ṣe ni kí wọ́n gé oṣù sí wẹ́wẹ́. StarTimes ń ta ti ọjọ́ kan àti ti ọ̀sẹ̀ kan. TStv, nígbà tó ń bọ̀ ní 2017, ṣèlérí pé èèyàn lè dá sọ́ọ̀bù rẹ̀ dúró bó bá ń rìnrìn àjò. Ìlérí yẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ kí wọ́n tó fojú rí dikódà rẹ̀.

Íńtánẹ́ẹ̀tì ni yóò tú wa sílẹ̀ bí? Netflix wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2016, Showmax ti bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere lè jẹ gígábáìtì méjì tàbí mẹ́ta ní wákàtí kan, NCC, àjọ tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ fóònù, sì fọwọ́ sí àfikún tó tó ìdá 50 lórí owó ìpè àti dátà ní oṣù kìíní 2025. Ẹni tó sá fún owó dikódà, owó dátà ń dúró dè é lẹ́bàá ọ̀nà.

Ọ̀gá méjì di ọ̀kan

Canal+, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé tó gba Áfíríkà tó ń sọ Faransé kan, bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín nínú MultiChoice díẹ̀díẹ̀ láti 2020. Nígbà tí ohun tó rà kọjá ìdá 35 ní 2024, òfin Gúúsù Áfíríkà ní dandan ni kó fi owó lọ gbogbo àwọn onípìn-ín yòókù. Rand 125 ló pe ìpín kan. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, MultiChoice di tirẹ̀. Nítorí pé òfin ibẹ̀ kò gbà kí àjèjì ní ju ìdá 20 agbára ìbò nínú ilé iṣẹ́ ìgbéròyìn sáfẹ́fẹ́, wọ́n ní láti yọ apá tó ni ìwé àṣẹ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Ohun tí wọ́n jọ dà báyìí ní oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 40 ní orílẹ̀-èdè tó súnmọ́ 70.

Ẹ rántí gbàǹjo wa. Àwọn méjì tí ì bá máa bá ara wọn pe owó ti di ẹyọ kan. Ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù kò ní fẹ́ràn rẹ̀, torí ó lè mú kí iye tí wọ́n ń san fún un má fò mọ́. Kò sì sí ohun tó fi dandan lé e pé kí èrè yẹn dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì wà nínú gbàǹjo náà. New World TV láti Togo, orílẹ̀-èdè kékeré yẹn, ló gba ẹ̀tọ́ ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tó wáyé ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, débi pé SuperSport kọ́kọ́ kéde pé òun kò ní lè fi í hàn, kí wọ́n tó fi ìwé àdéhùn yanjú rẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn ará ilé wa lápá ìwọ̀ oòrùn, Canal+ ni wọ́n ti ń wò tipẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó ń sanwó ní sẹ́fà ní Kétu àti ẹni tó ń sanwó ní náírà ní Ìmẹ̀kọ, tí kò ju ibodè kan lọ láàárín wọn, àpò kan náà ni owó wọn ń bọ́ sí báyìí.